Àpótí Ìmọ̀: Kí ni káńsù Sùúrùlérè ń ṣe?
Alága àti àwọn kánsẹ́lọ̀ tí a dìbò yàn ló ń darí ìjọba ìbílẹ̀ Sùúrùlérè ní Èkó. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 to iṣẹ́ káńsù lẹ́sẹẹsẹ: ìtọ́jú ọjà àti gáréèjì, kíkó ìdọ̀tí, fífún òpópónà lórúkọ, kíkọ nọ́ńbà sára ilé. Kódà, káńsù ló ń fún ọmọlanke níwèé àṣẹ. Ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó níbẹ̀ yóò fi orúkọ sílẹ̀. Káńsù yóò lẹ̀ ẹ́ síta fáráyé rí, ó sì di ẹ̀yìn ọjọ́ 21 kí tọkọtaya tó gba ìwé ẹ̀rí.

Ní 2003, ìjọba Èkó yọ káńsù ìdàgbàsókè Ìtìrẹ́-Ìkátẹ̀ àti Coker-Àgùdà lára Sùúrùlérè. Nítorí náà, bí gọ́tà bá dí, ẹ kọ́kọ́ wádìí káńsù tó ni àdúgbò yín.