Factory Nínú Dependency Injection: Ta Ló Yẹ Kó Ṣe Object?

Iṣẹ́: Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà
Àwọn akẹ́kọ̀ọ́: àwọn tó ti kọ class àti interface rí ní Java
Ohun èlò ìkọ́ni: pátákó, kọ̀ǹpútà tí Java wà lórí rẹ̀

Èròǹgbà

Nígbà tí ẹ̀kọ́ yìí bá parí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè sọ ìgbà tó yẹ kí class gba object tí a ti ṣe tán, àti ìgbà tó yẹ kó gba factory tí yóò máa ṣe object náà fún un.

Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá

Ẹ ti mọ̀ pé bí class kan bá kọ `new` sínú ara rẹ̀ láti ṣe ohun tó nílò, ó ti so ara rẹ̀ mọ́ nǹkan náà. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, àfi ká tú class ọ̀hún. Dependency injection ní kí class má wá ohun èlò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ẹni tó ń ṣe object láti ara class náà gbé ohun èlò ọ̀hún lé e lọ́wọ́ láti ẹnu constructor. Martin Fowler ló sọ ọ́ lórúkọ yìí nínú àròkọ kan ní oṣù Kìíní ọdún 2004. Factory ti wà ṣáájú orúkọ yẹn: ó wà nínú ìwé *Design Patterns* tí Erich Gamma àti àwọn mẹ́ta mìíràn kọ ní 1994. Àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tó bá ti ń lo dependency injection kò nílò factory mọ́. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́.

Ibi tí ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀rọ ìránṣọ ti wà ní ṣọ́ọ̀bù kí télọ̀ tó ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ìwọ̀n oníbàárà kò lè sí níbẹ̀ àfi tí oníbàárà bá dé. Ohun tí class nílò náà pín sí ọ̀nà méjì báyìí.

Ẹ jẹ́ ká mú ètò tí ilé-ìwé fi ń fi èsì ìdánwò ránṣẹ́ sí àwọn òbí. Òbí kan fẹ́ SMS, òmíràn fẹ́ email. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ti mọ ọ̀nà tí SMS ń gbà jáde, ṣùgbọ́n kò tíì mọ òbí tó kàn, kò sì mọ nọ́ńbà rẹ̀. Nítorí náà, a kò lè gbé olùfiránṣẹ́ kan ṣoṣo lé class `EsiIdanwo` lọ́wọ́. Bó bá sì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ `new SmsOlufiranse`, gbogbo ìgbà tí a bá dán ètò wò ni SMS yóò máa bọ́ sórí fóònù àwọn òbí tòótọ́. Owó ń lọ, òbí ń bínú.

Ojú pátákó

```java
interface OlufiranseFactory {
    Olufiranse se(Obi obi);
}

class FactoryGidi implements OlufiranseFactory {
    private final OnaSms sms;
    private final OnaEmail email;

    FactoryGidi(OnaSms sms, OnaEmail email) {
        this.sms = sms;
        this.email = email;
    }

    public Olufiranse se(Obi obi) {
        if (obi.feSms())
            return new SmsOlufiranse(sms, obi.nomba());
        return new EmailOlufiranse(email, obi.adiresi());
    }
}

class EsiIdanwo {
    private final OlufiranseFactory factory;

    EsiIdanwo(OlufiranseFactory factory) {
        this.factory = factory;
    }

    void pin(List<Akekoo> gbogbo) {
        for (Akekoo a : gbogbo)
            factory.se(a.obi()).firanse(a.esi());
    }
}
```

Java gba ọ àti ẹ nínú orúkọ class. Kíbọọ̀dù wa ni kì í fẹ́ gbà, ìdí nìyẹn tí n kò fi fi àmì sí wọn.

Ẹ wo ohun tó gba ẹnu constructor `FactoryGidi` wọlé, kí ẹ wá wo ohun tó gba ẹnu `se` wọlé. Ohun tí a ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ń gba constructor. Ohun tó ń dé bí iṣẹ́ ti ń lọ ń gba `se`. Ibí yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ òní wà. Bí ẹnikẹ́ni bá fi `OnaSms` kún ohun tí `se` ń gbà, `EsiIdanwo` náà yóò ní láti wá `OnaSms` ní dandan, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó kàn án níbẹ̀.

`new` kò parẹ́ o. Ó kàn kó lọ sínú class tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó ṣe object lọ.

Fún ìdánwò, ìlà kan ti tó, nítorí pé method kan ṣoṣo ló wà nínú interface náà: `new EsiIdanwo(obi -> ayederu)`. Olùfiránṣẹ́ ayédèrú yìí yóò kó gbogbo èsì tó gbà sínú lísìtì kan, a ó sì yẹ lísìtì náà wò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í

Àwọn kan á gbé gbogbo container, ìyẹn àpótí tó ń ṣe gbogbo object ètò tó sì ń pín wọn, fún class, kí ó máa béèrè ohunkóhun tó bá wù ú nínú rẹ̀. Wọ́n á ní factory náà nìyẹn. Irọ́ ni: service locator ni. Constructor irú class bẹ́ẹ̀ kì í sọ òótọ́ nípa ohun tó nílò mọ́. Ìgbà tí ètò bá dákú lẹ́nu iṣẹ́ lẹ ó tó mọ̀. Factory tó dára ń ṣe irú nǹkan kan, ó sì ń jẹ́ orúkọ nǹkan náà.

Àṣejù wà lódìkejì pẹ̀lú. Bí `se` kò bá gba ohunkóhun, tí object kan ṣoṣo sì tó lò títí, ẹ fa factory náà ya, kí ẹ gbé object náà fúnra rẹ̀ wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ orí object. Ní .NET, àwọn kan máa ń ṣe `HttpClient`, object tó ń bá sáfà sọ̀rọ̀ láti orí socket, ní tuntun fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Socket tí wọ́n tì kì í kúrò nílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí èrò bá pọ̀, socket á tán pátápátá. Àwọn mìíràn di ẹyọ kan mú títí ayé, èyí sì ń pe àdírẹ́sì àtijọ́ lẹ́yìn tí sáfà ti kó lọ síbòmíràn. Ní ọdún 2018, .NET Core 2.1 mú `IHttpClientFactory` dé: class á gbà á láti ẹnu constructor, á sì pe `CreateClient` nígbàkígbà tó bá nílò rẹ̀. Factory náà ń tún ohun tó wà lábẹ́ lò, ó sì ń pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, àfi tí ẹ bá yí iye náà padà. `CreateClient` lè má gba ohunkóhun, síbẹ̀ factory náà wúlò.

Ìgbéléwọ̀n

1. Kí ló dé tí nọ́ńbà òbí kò fi lè gba ẹnu constructor `FactoryGidi` wọlé?
2. Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín `OlufiranseFactory` àti container tí a gbé fún class lódindi?

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Òbí kan kò ní fóònù, kò ní email. Ó fẹ́ kí wọ́n tẹ èsì sórí ìwé fún ọmọ rẹ̀ mú bọ̀ wálé. Kọ class tuntun fún un, kí o sì to orúkọ gbogbo fáìlì tí o fọwọ́ kàn. Bí `EsiIdanwo` bá wà lára wọn, tún iṣẹ́ náà ṣe.