Má dúró dìgbà tí o bá gboyè

Ìbéèrè: Ọmọ ìlú Ìyàrà ni mí, mo wà ní ọdún kẹta nínú ẹ̀kọ́ báyọ́lọ́jì. Níbo ni mo ti lè ṣe ìwádìí gidi kí n tó gboyè?

Ìdáhùn: O kú ìbéèrè, ọmọ wa. Ètò SIWES, tí àjọ ITF dá sílẹ̀ ní 1973 láti máa rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, ni kí o dì mú. Má fi àwọn oṣù yẹn ṣòfò níbi tí kò kan ẹ̀kọ́ rẹ. Tètè kọ lẹ́tà sí ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA n'Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí ẹ̀gẹ́, iṣu àti ẹ̀wà, tàbí sí ilé ìwádìí igbó FRIN, tó ń tọ́jú ewé gbígbẹ láti inú igbó Nàìjíríà. Bó bá jẹ́ kòkòrò àrùn ló wù ọ́, ibùdó ìwádìí tí a mọ̀ sí ACEGID wà ní Yunifásítì Redeemer's, Ẹdẹ.

Ṣùgbọ́n kí o tó lọ síbẹ̀, ilé ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Já ẹ̀ka igi tó ní ewé àti òdòdó tàbí èso. Tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, fi pákó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí o sì máa pààrọ̀ ìwé náà lójoojúmọ́ títí yóò fi gbẹ. Kọ ọjọ́, ibi tí o ti já a, bí igi náà ti ga tó, àti orúkọ tí àwọn àgbà Ìyàrà ń pè é. Kó ewé náà àti àkọsílẹ̀ rẹ lọ bá olùkọ́ rẹ. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ lè ti ibẹ̀ jáde.

Àwọn àgbà tó mọ ewé kò ní wà títí láé. Lọ bá wọn nísinsìnyí.