Ẹ̀kọ́ Kẹjọ: Omi Inú Òkúta Gbígbẹ

Ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ọ̀pọ̀ ilé ló ń fa omi kànga. Bí omi bá rú, a ó ju álọ́ọ̀mù sí i kí ìdọ̀tí lè rọlẹ̀.

Ìyá kan ní Okokomaiko gbé álọ́ọ̀mù kaná nínú agolo. Òkúta náà gbẹ táútáú, síbẹ̀ ó yọ́, ó ń hó, ó sì wú di funfun. Ìyá pe ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ kẹ́mísírì ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ọ̀jọ́.

“Ọmọ mi, ta ló bu omi sí i?”

“Kò sẹ́ni tó bu omi sí i, mà. Inú òkúta náà ló wà. Nínú 100 gíráàmù álọ́ọ̀mù, bíi 45 ló jẹ́ omi.”

“Kí ló dé tí kò rin mí lọ́wọ́?”

“Ó ní àyè tirẹ̀ láàárín álọ́ọ̀mù, bí sìmẹ́ǹtì láàárín búlọ́ọ̀kù. Kò lè ṣàn.”

Hóró tí inú rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ báyìí là ń pè ní kírísítálì. Iyọ̀ àti ṣúgà wà lára wọn.

Àwọn oògùn kan náà jẹ́ kírísítálì. Àpẹẹrẹ kan ni imatinib, tí wọ́n tún ń pè ní Glivec; ó ń gbógun ti irú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kan. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2001. Ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀pọ̀ aláìsàn ti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀.

Ní ilé iṣẹ́, wọ́n lè fi omi tàbí sípíríìtì yọ́ oògùn kó tó dì. Díẹ̀ nínú omi tàbí sípíríìtì náà lè há sínú hóró oògùn. Àwọn sípíríìtì kan jẹ́ májèlé, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ lé wọn jáde. Oògùn kan náà sì lè tò ní ọ̀nà méjì: irú imatinib kan rí bí abẹ́rẹ́, ó sì máa ń fa ọ̀rinrin, irú kejì kì í fà á tó bẹ́ẹ̀. Ìtànṣán X ni àwọn onímọ̀ fi ń rí bí hóró ṣe tò.

Ọ̀jọ́ sún mọ́ ọ̀sà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kún fún ọ̀rinrin, ọ̀rinrin sì lè ba oògùn jẹ́. Ẹ má tú oògùn sínú ọ̀rá, ẹ má gbé e sí balùwẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà nínú páálí rẹ̀ títí ẹ ó fi lò ó.

Ìbéèrè
1. Níbo ni omi inú álọ́ọ̀mù wà?
2. Kí ló dé tí a fi ń dáàbò bo oògùn lọ́wọ́ ọ̀rinrin?
3. Níbo lẹ ń kó oògùn sí nílé yín?