Ìka Ọwọ́ àti Ayùn Oníná

Mo bá ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ káfíńtà kan ní Mushin nídìí ayùn orí tábìlì. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ní ààbò ni. Rárá o! Bí eyín ayùn bá kọ́ ìbọ̀wọ́, yóò fa ọwọ́ wọlé. Igi ni kí ẹ fi ti pákó síwájú, kì í ṣe ìka. Ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí ayùn a máa ta pákó padà. Ẹ pa iná kí ẹ tó ṣa èérún.

Bí ìka bá gé, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́. Ẹ fi aṣọ tí omi rin wé ìka náà, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé ọ̀rá lé yìnyín. Yìnyín kò gbọdọ̀ kan ìka. Ẹ sáré gbé e lọ sí Igbóbì, ilé ìwòsàn eegun láti 1945. Dókítà lè rí i rán padà.