Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌMỌ ẸGBẸ́: KÍ A TÓ YÁWÓ RA Ẹ̀RỌ TÍ Ń WA BITCOIN

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Egan àti Ìgàndó, àwọn ọmọ wa ń sọ pé kọ̀ǹpútà ilé lè máa pa owó wọlé bí a ti ń sùn. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó tọrọ ẹ̀yáwó.

Kí ni wíwa bitcoin? Àwọn kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ń díje láti kọ ojú ewé tí ó kàn nínú ìwé ìṣirò owó náà. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹnì kan a borí, a sì gba èrè. Ní 2009, èrè náà jẹ́ bitcoin 50, kọ̀ǹpútà ilé sì lè jẹ ẹ́. Láti oṣù kẹrin 2024, ó di 3.125, ẹ̀rọ tí a ṣe fún iṣẹ́ yìí nìkan ni ó ń borí. Bí a tilẹ̀ dara pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn, iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ẹni bá ṣe ni a fi ń pín èrè.

Ẹ ṣírò iná. Kọ̀ǹpútà tí ó ń jẹ 300 watt tọ̀sán-tòru ń jẹ yúnìtì 7.2 lójúmọ́. Ní ₦225 fún yúnìtì kan, iye tí a fi lélẹ̀ fún Band A ní oṣù kẹrin 2024, ó jẹ́ ₦1,620. Ẹ̀rọ 3,000 watt yóò jẹ ₦16,200. A kò tíì ka epo jẹnẹrétọ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbìyànjú, kí ó fi kọ̀ǹpútà tí ó ti ní kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ kan. Kí ó máa ka mítà láràárọ̀, kí ó sì kọ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde sílẹ̀. Bí èrè kò bá wọlé, onídùúró ni gbèsè yóò wá bá.

Ìbéèrè fún ìpàdé:
1. Èló ni iná kọ̀ǹpútà náà yóò jẹ́ ní ọgbọ̀n ọjọ́?
2. Ṣé ẹ̀yin yóò dúró fún ẹni tí kò tíì ṣe ìṣirò yìí?