Ìlà Keje

Ọmọ mi, mo ka ìwé àdéhùn tí o kọ fún àwọn aránṣọ tí o fẹ́ kó jọ sórí áàpù rẹ. Iṣẹ́ ọpọlọ ni. Ìlà keje nìkan ló kọ́ mi lọ́fun. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ìdí géèmù ni o ti dàgbà, ibẹ̀ ni n ó gbà bá ọ sọ ọ́.

Láyé àtijọ́, ẹ̀rọ géèmù Atari ló gbòde ní Amẹ́ríkà. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan bínú kúrò, wọ́n dá Activision sílẹ̀ ní 1979, wọ́n ń ṣe géèmù tí ẹ̀rọ náà ń gbé. Tiwọn dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò nílẹ̀kùn. Ẹni tó mọṣẹ́ àtẹni tí kò mọ̀ ọ́n jọ ya wọlé, pàǹtí bá kún ọjà. Òbí tó ra gbàrọgùdù lẹ́ẹ̀mejì kò rà mọ́. Àwọn àlejò nìkan kọ́ ló bà á jẹ́ o. Géèmù E.T., tí Atari fúnra rẹ̀ fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sáré ṣe, wà lára ẹrù tí wọ́n kó lọ rì mọ́lẹ̀ ní Alamogordo, ní New Mexico, ní 1983. Wọ́n hú u jáde ní 2014, àwòrán ara páálí kan ṣì hàn.

Nintendo fi kọ́gbọ́n. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà ní 1985, ó ti ṣíìpù kan bọ inú ẹ̀rọ. Kásẹ́ẹ̀tì tí kò bá ní ìkejì rẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́. Ó tún ní ilé-iṣẹ́ kan kò gbọdọ̀ gbé ju géèmù 5 jáde lọ́dún. Ọjà tún yá. N kò bá a wí nítorí kọ́kọ́rọ́ yẹn: a kì í wo ẹni tó ń ta ẹran tó ti jẹrà níran lọ́jà ẹni. Àmọ́ agídí wọ̀ ọ́. Ó ní kásẹ́ẹ̀tì ni Nintendo 64 yóò máa lò, Square tó ń ṣe Final Fantasy sì ń wá àyè tó pọ̀ bíi ti díìsìkì. Square palẹ̀ mọ́, ó bá Sony lọ, ìkeje géèmù náà sì jáde lórí PlayStation ní 1997.

Èmi náà ti háyà ṣọ́ọ̀bù rí. Onílé rí i pé aṣọ mi ń tà, ó já ògiri ẹ̀gbẹ́ mi, ó kó irú rẹ̀ síbẹ̀. N kò bá a jà. Mo kọ nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà mi sínú ìwé kan, mo sì ń wá ibòmíì.

Nítorí náà, di ọjọ́ ìfijíṣẹ́ mú, di owó tí a ó dá padà fún ẹni tí aṣọ rẹ̀ bàjẹ́ mú. Má gbàgbàkugbà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí aránṣọ fẹ́ gbà àti bí ó ṣe fẹ́ gé ọrùn bùbá, fi í sílẹ̀ fún un. Ìlà keje ní o lè yí kọmíṣánnì padà nígbàkígbà, àti pé aránṣọ kò gbọdọ̀ ní nọ́ńbà oníbàárà rẹ̀ lọ́wọ́. Fi oṣù mẹ́ta sí ti àkọ́kọ́ kí wọ́n lè gbọ́ sílẹ̀. Fa ìkejì ya, kí o tó mú ìwé náà lọ bá wọn lọ́jọ́ Ajé.