Ìpín Ẹni tí ó Dúró ti Ẹrù

Ẹ̀kọ́ fún àwọn kíláàsì Bíbélì àti Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá. Ibi kíkà: 1 Samuẹli 30:1–25, Ẹksodu 35:25–35, Ìṣe Àwọn Aposteli 9:36–42.

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá fún yín ní oṣù yìí jẹ́ ti ilé àwọn ọmọ ogun, àti ti iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí Ọlọ́run lè fi lé obìnrin lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ kò sí nílé. Bóyá ẹnìkan yóò wí pé, Kí ni ọ̀kan ní í ṣe pẹ̀lú èkejì? Kí onítọ̀hún fi sùúrù bá wa lọ.

Ìwé Samuẹli sọ fún wa pé nígbà tí Dáfídì àti ọkùnrin 600 tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ padà dé Síklágì, wọ́n bá ìlú náà ní jíjóná, a sì ti kó àwọn aya àti ọmọ wọn lọ ní ìgbèkùn. Àwọn alágbára wọ̀nyí, tí wọn kò bẹ̀rù idà, sọkún títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwàásù tí a ti gbọ́ lórí orí yìí, kíá ni oníwàásù ń fò kọjá ẹkún náà lọ sí ibi ìṣẹ́gun. Kí olùkọ́ má ṣe yára bẹ́ẹ̀. Kí ó jẹ́ kí kíláàsì rí i pé ọmọ ogun kì í jáde lọ ní òun nìkan, àti pé ènìyàn lè ṣẹ́gun ní ojú ìjà kí ó sì pàdánù ní ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀.

Bí wọ́n ti ń lépa àwọn ará Ámálékì, àárẹ̀ mú 200 nínú wọn ní odò Bésórì, wọ́n sì dúró ti ẹrù. Lẹ́yìn ìṣẹ́gun, àwọn kan ní kí a má ṣe fún àwọn tí ó dúró ní nǹkankan ju aya àti ọmọ wọn lọ. Dáfídì kọ̀. Ó ní ọgbọọgba ni ìpín, ó sì sọ ọ́ di òfin. Òtítọ́ ni pé ọmọ ogun ni àwọn 200 náà, wọn kì í ṣe obìnrin. Ṣùgbọ́n bí òfin náà bá tọ́ fún ẹni tí àárẹ̀ mú dúró, mélòómélòó ni fún ẹni tí a kò tilẹ̀ bi léèrè bóyá ó fẹ́ dúró?

Àwa Ẹ̀gbá mọ èyí tipẹ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1851, nígbà tí ogun Dàhọ̀mì dé ẹnu odi Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin ń gbé omi àti oúnjẹ àti ẹ̀tù lọ fún àwọn tí ń jà. Nígbà tí Dàhọ̀mì tún padà wá ní 1864, Ẹfúnróyè Tinúbú fi ohun ìjà ran ìlú lọ́wọ́, ìlú sì fi í jẹ Ìyálóde. Ṣùgbọ́n ogun tí ó wá bá ni ní ẹnu odi yàtọ̀ sí èyí tí a lọ jà ní òkè òkun. Ní ti àkọ́kọ́, aya ń gbọ́ ìró ìbọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú yóò mọ̀ bóyá òun ti di opó.

Ní 1943 ni a dá Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí í ṣe 82 sì tẹ̀lé e ní ọdún kan náà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú méjèèjì, wọ́n sì ré òkun kọjá lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà láti bá àwọn ará Jàpáànì jà. Aya tí ó wà ní Abẹ́òkúta kò mọ ibi tí Bọ́mà gbé wà. Bí ìwé bá dé, tí òun kò sì mọ̀wé, yóò gbé e tọ olùkọ́ tàbí katikísì lọ, yóò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ láti ẹnu ọkùnrin mìíràn. Ohun tí ó fẹ́ bèèrè jùlọ, kò lè ní kí ẹni náà bá òun kọ ọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ka ẹ̀kọ́ yìí, ẹ rántí pé irú yín ni ó ń ka àwọn ìwé wọ̀nyẹn.

Kí ni ọwọ́ ń ṣe nígbà tí etí ń retí? Ní ìlú wa yìí, láti Kémta títí dé Ìtòkú, iṣẹ́ àdìrẹ wà ní àrọ́wọ́tó obìnrin. Ẹni tí ń ṣe àdìrẹ alábẹ́rẹ́ a mú aṣọ funfun, a ṣẹ́ ẹ po, a fi abẹ́rẹ́ àti òwú líle rán an ní ìlà tẹ̀lé ìlà, a sì fa òwú náà le tó bẹ́ẹ̀ tí aró kò fi ní rí àyè wọ̀ ọ́. Nígbà náà ni yóò rì í bọ inú ìkòkò aró, yóò gbé e jáde kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, yóò tún rì í, léraléra, títí yóò fi dúdú dáradára. Ìgbà tí ó bá gbẹ ni a ń tú òwú, ibi tí òwú ti dì mú ni funfun yóò sì ti jáde. Kí ọjọ́ náà tó dé, aṣọ náà kò jọ ohun kan: ó rún, ó le, ó burú lójú. Ẹni tí ó rán an nìkan ni ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ti àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ láfún ni a ń fi ìyẹ́ adìẹ yà sára aṣọ. Nínú irú èyí tí a ń pè ní Olókun, obìnrin a pín aṣọ sí ojúlé onígun mẹ́rin, a sì fi àmì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí ojúlé kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ó sún mọ́ Olókun jùlọ nínú iṣẹ́ àwọn òyìnbó ni aṣọ ìbora alábùlẹ̀, èyí tí a ń fi ègé aṣọ oríṣiríṣi rán pọ̀, tí a sì ń fi abẹ́rẹ́ gún un mọ́ ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ kí ó lè nípọn. Àwọn àgbà wí pé àbùlẹ̀ ní ń mú aṣọ tọ́. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, àbùlẹ̀ gan-an ni aṣọ. Nínú ogun kan náà tí ó gbé àwọn ọmọ wa lọ sí Bọ́mà ni irú aṣọ yìí ti ṣe iṣẹ́ kan tí ó yẹ kí a mọ̀.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 1942, Síńgápọ̀ bọ́ sí ọwọ́ àwọn ará Jàpáànì. A kó àwọn ọmọ ogun tí ó túúbá lọ sí àgọ́, a sì ti àwọn obìnrin òyìnbó àti àwọn ọmọ wọn mọ́ inú ẹ̀wọ̀n Changi. Aya àwọn ọmọ ogun wà lára wọn. Ọkọ kò mọ̀ bóyá aya wà láàyè, aya kò mọ̀ bóyá ọkọ wà láàyè. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ni Elizabeth Ennis, nọ́ọ̀sì, tí ó fẹ́ dókítà ọmọ ogun kan ní ọjọ́ díẹ̀ péré kí ìlú tó ṣubú. Ó kó àwọn ọmọbìnrin kéékèèké inú ẹ̀wọ̀n náà jọ bí ẹgbẹ́ Girl Guides. Àwọn ọmọ náà ṣa àkísà, wọ́n gé e sí onígun mẹ́fà mẹ́fà, wọ́n sì ń rán an ní ìkọ̀kọ̀ láti fi ṣe ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí fún un.

Láti inú iṣẹ́ àwọn ọmọ yìí ni àwọn àgbà ti rí ọ̀nà. Ethel Mulvany, ará Kánádà, dábàá pé kí obìnrin kọ̀ọ̀kan gba ègé aṣọ funfun kan, kí ó fi òwú ya ohun kan tí í ṣe ti ara rẹ̀ sí i, kí ó sì fi abẹ́rẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Wọ́n so àwọn ègé náà pọ̀ di aṣọ ìbora mẹ́ta, ègé 66 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún àwọn aláìsàn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan fún ti Ọsirélíà, ọ̀kan fún ti Jàpáànì. Báyìí ni àwọn aṣọ náà ṣe lè jáde láti inú ẹ̀wọ̀n lọ sí ilé ìwòsàn, kí ọkùnrin tí ó bá rí orúkọ aya rẹ̀ lára aṣọ lè mọ̀ pé ó ṣì mí. Lónìí, èyí tí í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì wà lọ́wọ́ Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ti Britain. Méjì ìyókù wà nínú ilé ìrántí ogun ti Ọsirélíà ní Canberra.

Kí kíláàsì jiyàn lé ẹ̀kẹta nínú wọn. Ṣé ìfẹ́ ọ̀tá ni ó mú wọn rán aṣọ fún ará Jàpáànì, tàbí ọgbọ́n, kí àwọn olùṣọ́ má bàa dá méjì ìyókù dúró? Ní tèmi, mo rò pé méjèèjì ni, n kò sì rò pé ọ̀kan ba èkejì jẹ́.

Bí ọkùnrin kan nínú kíláàsì bá ní iṣẹ́ obìnrin ni èyí, kí a sọ fún un nípa Thomas Walker, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi orí gbọgbẹ́ ní Inkerman ní 1854. Ayàwòrán Thomas Wood ya àwòrán rẹ̀ ní 1856 lórí ibùsùn ilé ìwòsàn: ègé aṣọ wà lórí itan rẹ̀, abẹ́rẹ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí a sì tún bi í pé, ta ni ó kó iṣẹ́ sí ọrùn agbádá tí òun fúnra rẹ̀ wọ̀ wá?

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣí Ẹksodu. Nígbà tí a fẹ́ kọ́ àgọ́, àwọn obìnrin tí ọkàn wọn ru sókè ran òwú. Ọlọ́run sì fi Ẹ̀mí rẹ̀ kún Bésálẹ́lì fún iṣẹ́ ọnà, ó fi í sí òun àti Àhólíábù lọ́kàn láti kọ́ àwọn ẹlòmíràn pẹ̀lú. Nínú ìjọ wa, bí a bá wí pé a pe ẹnìkan, orí àga ìwàásù ni ojú gbogbo wa ń yí sí. Mo gbà pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó mú abẹ́rẹ́ ni a pè. Ẹlòmíràn ń rán aṣọ kí oúnjẹ má bàa wọ́n nílé, ìyẹn sì tó. Ẹlòmíràn ń rán an kí òru lè kúrú. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí ohun tí a fi ń mú ọjọ́ kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣe é. Obìnrin náà yóò tú ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí àbùkù rẹ̀, yóò tún un rán. Ọmọ aládùúgbò yóò jókòó tì í láti wò ó, òun yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, bí Bésálẹ́lì.

Níbẹ̀ ni wàhálà sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ yóò ti ojú ogun dé, yóò máa wá aya tí ó fi sílẹ̀, kò sì ní rí i. Ẹlòmíràn ni ó jókòó sí ipò rẹ̀, tí ó ní iṣẹ́, tí ó sì ní ẹni tí ń dúró dè é. Wọn yóò pe àwọn àgbà ìjọ, àwọn àgbà yóò sì ní kí obìnrin náà gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nítorí àlàáfíà. Èmi pàápàá ti fún obìnrin kan ní irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gbọ́, ó sì gbé e sílẹ̀. N kò rò pé mo ṣe rere. Ọkọ náà ni ó yẹ kí n bá sọ̀rọ̀, kí n sọ fún un pé ẹni tí ó dúró ti ẹrù ní ìpín, àti pé èyí ni ìpín aya rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí àwọn opó fi han Peteru nígbà tí Dọ́káàsì kú. Wọ́n dúró tì í, wọ́n ń sọkún, wọ́n sì ń na ẹ̀wù tí ó rán fún wọn sí i.

Ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí wa. Bárékè Alámàlà wà ní Abẹ́òkúta níhìn-ín, ibi tí Bìrìgéèdì 35 ti àwọn oníbọn ńlá ilẹ̀ wa fi ṣe ibùjókòó. Láti ìgbà tí ogun Boko Haram ti bẹ́ sílẹ̀ ní 2009, a ti rán ọmọ ogun láti ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ yìí lọ sí àríwá ìlà-oòrùn, àwọn kan kò sì padà. Lónìí fóònù wà. Ṣùgbọ́n fóònù tí kò dún fún ọjọ́ mẹ́ta wúwo ju ìwé tí kò dé fún oṣù mẹ́ta lọ. Aya ọmọ ogun a máa ṣí láti bárékè dé bárékè, kò lè ru ìkòkò aró kiri, kò sì lè kó oníbàárà dání. Abẹ́rẹ́ ń bá a lọ. Bí ọkọ bá sì ṣubú lójú ogun, ilé bárékè kì í ṣe ogún tí à ń jẹ. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni kò lè ní kí ó kó jáde nínú rẹ̀.

Ní ìpàdé kejì lórí ẹ̀kọ́ yìí, kí olùkọ́ ní kí olúkúlùkù mú ègé aṣọ kan wá, tí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, láti ara aṣọ tí ẹni tí kò sí nílé ti wọ̀ rí. Kí a fi òwú kọ orúkọ sí i, kí a sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí kò bá lè mú tirẹ̀ wá, kí a má ṣe fi agbára mú un. Kí a fi ojúlé funfun kan sílẹ̀ fún un láàrín aṣọ náà. Kí ẹni tí ó mọ abẹ́rẹ́ jùlọ nínú ìjọ, ìbáà ṣe aya kọ́púrà tàbí opó, ṣe olórí iṣẹ́ náà, kí katikísì sì jókòó tì wọ́n, kí ó máa bá wọn ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.